Ta Ló Ni Ojúde Tí A Ti Ń Sọ̀rọ̀?

Bí wọ́n bá yọ èèyàn kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp láyé ìsinsìnyí, ohun tó máa kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ òun du òun. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé. Bọ̀dá kan tí a jọ jẹ́ ọmọ ìlú kan náà pè mí lọ́jọ́ tí ádímìn gúrúùpù ìlú wa yọ wọ́n. Inú ń bí wọn gan-an. Wọ́n ní kóòtù ló máa bá àwọn parí ẹ̀, pé ìwé òfin Nàìjíríà fún àwọn láṣẹ láti sọ ohun tó bá wu àwọn. Ohun tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ yọ wọ́n kò ju pé àràárọ̀ ni wọ́n ń fi àwòrán olóṣèlú kan ránṣẹ́ sínú gúrúùpù tí a dá sílẹ̀ nítorí owó tí a fẹ́ fi kan òrùlé ilé-ìwé.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin náà wí." Abala 39 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tirẹ̀, láti gba ìmọ̀ àti ìròyìn, kó sì tan án ká, láìsí ìdíwọ́. Ìjọba ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí jù lọ: ọlọ́pàá, ṣọ́jà, gómìnà, mínísítà. Abala 45 tún sọ ibi tí ìjọba ti lè fa okùn ẹ̀tọ́ náà sẹ́yìn, tó bá di ọ̀rọ̀ ààbò ìlú, ìlera, ìwà ọmọlúàbí àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé dandan ni kí Lágbájá gbà yín láàyè ní pálọ̀ rẹ̀ kí ẹ wá máa polówó ẹgbẹ́ òṣèlú fún un.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Tó bá wá jẹ́ pé ẹnìkan ló ni ibi tí gbogbo ìlú ti ń sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà náà. Òun ni mo fẹ́ wò fínní lónìí, torí mo gbà pé òun gan-an ni ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, ti gúrúùpù òrùlé ilé-ìwé ò tó nǹkan.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn dáadáa á mọ irú ibi tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ìkóríta kan lápá Mọ́kọlá, fẹ́ńdọ̀ kan máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn sórí pákó kí aago méje àárọ̀ tó lù. Tribune lápá ọ̀tún, Punch lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Aláròyé níwájú pátápátá níbi tí ojú á ti tètè bá a, òkúta wẹ́wẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn má baà gbé wọn lọ. Láìpẹ́, àwọn tó ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ á ti yí i ká. Wọn ò ní ra ẹyọ kan. Àkọlé iwájú nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n á yọ gómìnà, wọ́n á fi òmíràn jẹ, lórí ìdúró náà. Fẹ́ńdọ̀ kì í lé wọn. Ó mọ̀ pé èrò ló ń pe èrò, ẹni tó dúró jiyàn lè ra Aláròyé kó tó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹ̀yà kan. Ó ní ká lé wọn nílùú, ká dáná sun ṣọ́ọ̀bù wọn. Fẹ́ńdọ̀ ò bá a jiyàn rárá. Ó fa ọ̀rá bo gbogbo ìwé náà, ó ní, "Alàgbà, ojú ọjà mi lẹ wà o. Ẹ má bá mi sọ irú ẹ̀ níbí." Ọkùnrin náà fìbínú sọdá sábẹ́ igi àwọn mẹkáníìkì lódì kejì títì, àwọn bíi méjì tẹ̀lé e, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Fẹ́ńdọ̀ ká ọ̀rá kúrò, àwọn tó kù padà sórí ọ̀rọ̀ owó epo.

Kò sẹ́ni tó sọ pé fẹ́ńdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú mi. Pákó tiẹ̀ ni, ọjà tiẹ̀ ni, tí wọ́n bá sì dáná sun ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ pákó yẹn ni wọ́n máa ní ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún gbogbo wa ni òdì kejì títì. Ẹni tí wọ́n lé ríbi lọ. Kò sẹ́ni tó pa á lẹ́nu mọ́, wọ́n kàn ní kó má sọ ọ́ níbí ni. Tí fẹ́ńdọ̀ bá wá jẹ́ ẹni tó ni pákó, tó ni títì, tó ni igi àwọn mẹkáníìkì, tó tún ni ilé tí ọkùnrin náà ń sùn ńkọ́?

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti wà rí. Chickasaw lorúkọ ẹ̀, lẹ́bàá Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, Gulf Shipbuilding Corporation, ló ni gbogbo ẹ̀: ilé gbígbé, títì, ojú kòtò ìdọ̀tí, àti ilé gbọọrọ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wà. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń san owó oṣù ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ìlú. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba pàápàá, yàrá ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ ni wọ́n gbà. Àlejò tó bá ń gba ojú ọ̀nà ńlá kọjá kò lè mọ̀ pé òun ti kúrò lórí ilẹ̀ ìjọba, òun ti wọ orí ilẹ̀ aládàáni. Kò sí odi, kò sí géètì. Ìwé àkíyèsí kan ṣáá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ polówó tàbí tọrọ ohunkóhun níbẹ̀ láìgba àṣẹ alákọsílẹ̀.

Lọ́dún 1943, obìnrin Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan, Grace Marsh, dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́ náà, ó ń há ìwé ẹ̀sìn fún àwọn tó ń kọjá. Wọ́n ní kó lọ. Ó ní òun ò lọ. Wọ́n mú un, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Gbogbo kóòtù Alabama dá ilé-iṣẹ́ láre: ilẹ̀ wọn ni, ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ náà ò parí. Ó dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Washington, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1946, adájọ́ márùn-ún dá Marsh láre, mẹ́ta yapa. Adájọ́ Hugo Black ló kọ ìdájọ́ náà. Ọ̀nà tó gbé e gbà ni mo fẹ́ràn. Ó ní bí ẹni tó ni nǹkan bá ṣe ń ṣí i sílẹ̀ fáráyé tó nítorí àǹfààní ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lò ó á ṣe máa dín agbára rẹ̀ kù tó. Kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ó kàn ní o ò lè kọ́lé tó di ìlú, kó o wá máa ṣe bí ẹni pé pálọ̀ ẹ ṣì ni.

Mo kà á lákàtúnkà. Ìdájọ́ ọlọ́gbọ́n ni, àwọn tó tẹ̀ lé e kò sì dúró tì í. Lọ́dún 1968 wọ́n nà án dé àgbègbè ìtajà kan ní Pennsylvania. Ọdún 1972, àwọn ọ̀dọ́ tó ń há ìwé ìléwọ́ lòdì sí ogun Vietnam nínú ilé ìtajà Lloyd Center ní Portland pàdánù ẹjọ́ tiwọn; kóòtù ní wọ́n lè há a ní ẹ̀gbẹ́ títì ìjọba tó yí ibẹ̀ ká. Ọdún 1976, wọ́n kúkú pa ti 1968 rẹ́. California nìkan ló gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ: òfin ìpínlẹ̀ wọn gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gba ìbuwọ́lùwé nínú ilé ìtajà PruneYard ní ìlú Campbell, nígbà tó sì di 1980 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, pé ìpínlẹ̀ lè fún àwọn ará ìlú ní ju ohun tí ìjọba àpapọ̀ fún wọn lọ.

Èyí tó dùn mí jù lọ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Washington mìíràn nìyí, èyí tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn England, nítòsí Sunderland. Ìjọba ló tẹ àárín ìlú náà dó, ó kọ́ àgbègbè ìtajà kan tó ń jẹ́ The Galleries sí i, ó wá tà á fún ilé-iṣẹ́ aládàáni: ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí, gbogbo ẹ̀. Lọ́dún 1998, ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sórí pápá ìṣeré tí àwọn ọmọ àdúgbò ń lò. Àwọn olùgbé ibẹ̀ gbé tábìlì wá sẹ́nu ọ̀nà The Galleries láti gba ìbuwọ́lùwé. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà lé wọn. Máníjà wọn kọ̀wé pé àwọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ pápá tí àwọn ọmọ wọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni o. Àárín ìlú nìkan ni wọ́n ti lè rí ara wọn pọ̀. Ìjọba tó ta àárín ìlú náà àti ìjọba tó fẹ́ gba pápá lọ́wọ́ wọn, ìjọba ni wọ́n jọ ń jẹ́. Àwọn èèyàn náà, Appleby àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún ọdún 2003 wọ́n pàdánù. Adájọ́ mẹ́fà ní ọ̀nà mìíràn ṣì wà: wọ́n lè máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, wọ́n lè lọ sí àárín ìlú àtijọ́, wọ́n lè kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Àwọn adájọ́ náà mẹ́nu kan irú Chickasaw, pé tó bá jẹ́ odindi ìlú ló wà lọ́wọ́ aládàáni, bóyá àwọn ì bá wò ó lọ́nà mìíràn. Adájọ́ kan ṣoṣo ló yapa.

Ẹ̀yìn adájọ́ kan ṣoṣo yẹn ni mo wà. Òótọ́ ni pé òdì kejì títì wà, ṣùgbọ́n títì wo? Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, tí ìjọba ń retí ìwé rẹ̀ kí oṣù tó parí, wọ́n ti fi ọgbọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ìjọba lè ta bíríkì àti sìmẹ́ǹtì. Ẹnu ará ìlú kò sí lára ohun tó ní tó lè tà mọ́ ọn.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Wọn ò sọ pé gbogbo ibi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti tọ́. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àbùkù láàfin á rí ìjà. Ṣùgbọ́n wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀, wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, níbi tí àṣẹ onílé kò ti lè pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, orin èébú ni wọ́n ń kọ gba àdúgbò kọjá, ti ẹ̀yà ara ni, ti ìwà ni, olówó àti tálákà ló sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní Kétu àti káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àárín ọjà ni Ẹ̀fẹ̀ ti máa ń kọrin lóru, tí á máa tú àṣírí àwọn èèyàn ńlá. Ọba ló lọjà, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ orí ilẹ̀ ọba yẹn náà ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń bá ọba wí, torí ọba kì í pa ọ̀kọrin. Láti 2008 ni UNESCO ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tí gbogbo ayé ń dáàbò bò, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ijó àti ère orí ni àwọn aláwòrán máa ń yà. Ní tèmi, ẹ̀tọ́ olórin yẹn ló níye lórí jù níbẹ̀.

A ti wá kọ́ ibodè sójú ọ̀nà báyìí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí bí wọ́n ṣe yìnbọn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ́de EndSARS ní ibodè ìgbowó Lekki ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2020 dá ibodè náà padà fún ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní kò tíì yẹ, pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ kò tíì di ibi ìgbowó. Wọ́n jáde ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, ọlọ́pàá sì ti kún ibẹ̀ kí wọ́n tó dé, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀. Ojú títì ni o, ibi tí ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ti yẹ kó lágbára jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí púpọ̀ nínú wa ti ń sọ̀rọ̀ lónìí.

Nígbà tí oṣù kẹfà ọdún 2021 bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ Buhari kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter tó dárúkọ ogun abẹ́lé, tó sì dún bí ìhàlẹ̀ sí àwọn ará ìlà-oòrùn. Twitter yọ ọ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, Mínísítà Lai Mohammed kéde pé ìjọba ti dá Twitter dúró, nígbà tó sì di ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti dí ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n pa ojú òpó wọn rẹ́ níbẹ̀. Mínísítà ètò ìdájọ́, Malami, ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá ṣì ń lò ó lọ sí kóòtù. Oṣù méje ó lé ni wọ́n fi tì í, títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé Twitter ló bẹ̀rẹ̀ ìjà, wọ́n ní bí wọ́n ṣe pa ààrẹ lẹ́nu mọ́ náà nìjọba ṣe pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ohun méjèèjì kò dọ́gba rárá. Twitter ṣe ohun tí fẹ́ńdọ̀ ṣe, ó ní kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ kan lójú ọjà òun. Ààrẹ ṣì ní NTA, ó ní gbogbo ìwé ìròyìn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ó jókòó sórí Arise TV, ó sọ tẹnu rẹ̀. Ìjọba ní tirẹ̀ kò bá Twitter jà lórí ọ̀rọ̀ kan, ó gbé igi dí ojú ọ̀nà mọ́ gbogbo ará ìlú: ẹni tó ń tajà, ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn, ẹni tí kò tiẹ̀ mọ ohun tí ààrẹ kọ. Ohun tí abala 39 sọ pé kó má ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì sọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022, wọ́n ní ìgbésẹ̀ náà kò bófin mu.

Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ kí ìjọba gba àwọn ojú òpó yìí lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, Texas àti Florida ṣòfin lọ́dún 2021 láti fipá mú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kí wọ́n má máa yọ irú ọ̀rọ̀ kan. Lọ́dún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá àwọn ẹjọ́ náà padà sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ pé bí ilé-iṣẹ́ bá ń ṣa ohun tó máa gbé síwájú èèyàn, ọ̀rọ̀ sísọ ti ara rẹ̀ nìyẹn. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá rántí oṣù kẹfà 2021 kò ní fẹ́ kí mínísítà kan máa pàṣẹ ohun tí Facebook gbọ́dọ̀ fi sójú ìwé.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa, òdì kejì títì ti ń ṣọ̀wọ́n. Meta ló ni Facebook. Ó ra Instagram lọ́dún 2012, ó ra WhatsApp lọ́dún 2014. Ìyá tó ń tajà tí wọ́n yọ kúrò lórí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé ẹni kan náà ló tún máa sá lọ. Kì í ṣe ìjọba ni Meta, abala 39 kò bá a wí tààrà, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà tó fi yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ni Chickasaw.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kó yé mi dáadáa. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa nǹkan bí 40 èèyàn. Ẹnìkan gbé fídíò ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí Instagram: àwọn tó wà nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, igbe àwọn tó kù láàyè. Meta kọ́kọ́ fi ìkìlọ̀ bò ó, lẹ́yìn náà wọ́n yọ ọ́ pátápátá. Wọ́n ní àwọn háṣítàgì kan tó fi sí i jọ ti ẹni tó ń fi ikú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dé ọ̀dọ̀ Oversight Board, ìgbìmọ̀ tí Meta fi owó gbé kalẹ̀ láti máa wo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Meta ṣàṣìṣe, kí wọ́n dá fídíò náà padà pẹ̀lú ìkìlọ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kí àyè wà fún èèyàn láti sọ̀rọ̀ nípa irú ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn.

Ìdájọ́ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ díẹ̀ péré ló ń dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn. Àwọn tó kù, ẹ̀rọ ló ń dá wọn lẹ́jọ́, tàbí òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ èdè wọn. Àǹtí kan tí mo mọ̀ ní Ìṣẹ́yìn ń ta aṣọ òfì lórí ojú òpó kan. Wọ́n ti ojú ìwé wọn pa. Àdúrà ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán sányán kan, irú àdúrà tí gbogbo wa ń gbà, pé ẹni tó bá ní àwọn ò ní jẹun, kí Ọlọ́run pa á lẹ́nu mọ́ títí láé. Ìwé tó wọlé fún wọn kò ju ìlà kan lọ: ẹ ti tẹ òfin wa lójú. Òfin wo? Kò sọ. Àǹtí tẹ ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n tẹ̀ láti fẹ̀sùn sùn, ìlà kan náà ló padà wá. Wọ́n gbé fóònù náà fún mi kí n bá wọn wò ó. Mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, mi ò rí orúkọ èèyàn kankan, mi ò rí ibi tí a lè kọ̀wé sí. Fẹ́ńdọ̀ Mọ́kọlá tiẹ̀ wo ojú alàgbà kó tó fa ọ̀rá bo ìwé rẹ̀.

Ohun tí àǹtí yìí ń fẹ́ kò tóbi: kí ilé-iṣẹ́ náà sọ fún wọn ọ̀rọ̀ tó tìtorí ẹ̀ ti ojú ìwé wọn pa, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ka ẹ̀sùn wọn, kó sì dáhùn. Nílẹ̀ Yúróòpù, ó ti di òfin. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Digital Services Act ti ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ó pàṣẹ fún àwọn ojú òpó kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi yọ ohun tí èèyàn gbé síbẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀sùn rẹ̀ láìgbowó, kó má sì jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló máa dá ẹjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń dá ẹni tó ń taṣọ ní Paris lóhùn báyìí ló ń fi ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí Ìṣẹ́yìn. Òfin bí irú èyí ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa l'Ábújá, àmọ́ kó dárúkọ èdè wa sínú ẹ̀, kó sì so ọwọ́ mínísítà tó bá tún fẹ́ ti ọ̀nà pa mọ́ gbogbo wa.